Ìrọ̀rí Ìbíyẹmí

Oṣù méjì gbáko ni ikọ́ fi ń jí Ìbíyẹmí lójú oorun. Ọ̀fun ń yún un, ohùn tó fi ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ha. Àyẹ̀wò ní kì í ṣe ikọ́ ife. Ni ìyá rẹ̀ bá di ẹ̀bi ru Ìyá Dépò, aládùúgbò wọn tó ń yan ẹja.

“Èéfín yín ló fẹ́ pa ọmọ mi!”

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn wá bẹ ọmọ náà wò nílé, ó ní kí wọ́n fi ibi tí ọmọ ń sùn han òun. Ó gbá ìrọ̀rí lábàrá. Eruku sọ lálá! Ikọ́ gbé ọmọ.

“Ta ló rán èyí?”

“Èmi ni, mà,” ni ìyá ọmọ wí. “Òwú àràbà ni mo kì sínú ẹ̀. Ọdún keje rè é!”

“Háà! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.”

Wọ́n sọ ìrọ̀rí náà nù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, orin Ìbíyẹmí gba gbogbo àgbàlá. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fò sókè fún ayọ̀, Ìyá Dépò kígbe láti ẹ̀yìn ògiri:

“Ìyá Ìbíyẹmí, èéfín mi ṣì ń rú o! Ta wá ló ń kọrin yẹn?”

Ìyá ọmọ sáré yí ògiri ká, ó kúnlẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ẹja.

“Ẹ dákun, ìyá mi. Inú ilé mi ni kòkòrò wà.”