Ẹ̀bòlò Tó Di Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Mú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí kọjá ẹ̀yìnkùlé, ó yí wọ inú oko, ó wá dúró sídìí Ẹ̀bòlò.

Ewúro, Ẹ̀bòlò àti Abẹ́rẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ aṣọ yín nígbà tí ẹ bá ń ṣeré kiri, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ wo òdòdó wọn lọ́la: èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan, òdòdó wẹ́wẹ́ tó kóra jọ ni. Ewúro ń gbé inú ọgbà, wọ́n ń bomi rin ín. Abẹ́rẹ́ ń gbé etí ọ̀nà, ta ní í bomi rin Abẹ́rẹ́? Ẹ̀bòlò wà láàárín oko ní tirẹ̀, ó bímọ rẹpẹtẹ, gbogbo wọn da òwú funfun bora.

Ọyẹ́ dé, koríko gbẹ gan-an. Ẹ̀bòlò gbọ́ tí olóko ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí ọ̀sán bá pọ́n, òun yóò dáná sun oko. Ó bi ara rẹ̀ pé: Àwọn ọmọ òun ńkọ́?

Ó ké sí Ewúro. Ewúro ní inú ọgbà lòun wà, iná kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti so àwọn ọmọ tirẹ̀ mọ́ irun ewúrẹ́ tó ń kọjá, ó ní kí àbúrò òun yáa fa tirẹ̀ lé Afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rù sì ń ba Ẹ̀bòlò. Ta ló mọ ibi tí Afẹ́fẹ́ ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ?

Ni Òkété bá yọ sí i, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ kú ọyẹ́ o, ìyá ọlọ́mọ. Ihò mi jìn, iná kì í wọ ibẹ̀. Ẹ di àwọn ọmọ mú ṣinṣin, kí n lọ gbé àpò wá.”

Ẹ̀bòlò dúpẹ́ dúpẹ́. Abẹ́rẹ́ ní etí ọ̀nà òun ni ihò náà wà, òun sì ti yọjú sí i rí: òwú ọmọ Yánrin, ẹ̀fọ́ tó jẹ́ ìbátan wọn, ni Òkété tẹ́ sùn nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó hù. Ẹ̀bòlò kò fẹ́ gbà á gbọ́. Èéfín ti ń yọ lókèèrè, túú, túú. Àwọn ọmọ bá fi orin sí i:

Ìyá, tú wa sílẹ̀ o,
*Afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ.*
Iná ń bọ̀ lókèèrè o,
*Afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ.*
Ọwọ́ tó dì wá mú o,
*Afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ.*
Ibẹ̀ ni iná ó bá wa o,
*Afẹ́fẹ́ ń kọjá lọ.*

Ẹ̀bòlò bi wọ́n pé, “Bí mo bá tú yín sílẹ̀, ta ni yóò máa tọ́jú yín?”

Èyí tó kéré jù dáhùn pé, “Ilẹ̀ náà ni, ìyá mi.”

Òkété ń bọ̀ pẹ̀lú àpò. Iná ń bọ̀ lẹ́yìn Òkété, ó ń ta pàràpàrà. Ẹ̀bòlò wo àpò, ó wo ojú ọ̀run, ó sì tú wọn sílẹ̀. Fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́! Òkété fò sókè, kò rí ẹyọ kan mú. Iná jó o nírù kó tó ráàyè kó sínú ihò, ìdí nìyí tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ fi funfun títí dòní.

Ẹ̀bòlò kò wo iná. Ó ń wo èyí tó kéré jù títí tó fi ré kọjá orí ọ̀pẹ. Lẹ́yìn náà ni iná dé.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyàwó olóko gbé agbọ̀n wá sórí ilẹ̀ dúdú náà. Kò sí ewé mìíràn níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀bòlò ló kọ́kọ́ hù, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ hù sídìí Ewúro nínú ọgbà, Ewúro sì sún fún un.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi gùn mọ nìyẹn. Ó kọ́ wa pé ìfẹ́ kọ́ ni kéèyàn di ọmọ mú títí ewu yóò fi bá a, àti pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn ọmọ ju ìyá rẹ̀ lọ, ká kọ́kọ́ wo inú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ilẹ̀ tí iná jó lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.