Ẹ̀wù Tí Ọba Fi Ránṣẹ́

Ajẹ́lẹ̀ kan wà láyé ìgbà tí àwọn ọba Mùsùlùmí ń fi ẹṣin àti ìbọn àgbá gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Ó ti gba ìlú mẹ́ta fún ọba rẹ̀, síbẹ̀ kò lè mu omi inú àmù ilé ara rẹ̀ àfi kí ẹlòmíì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọba kò tíì ní ju ogún ẹlẹ́ṣin lọ, orí awọ ẹran kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń sùn, abọ́ kan náà ni wọ́n sì jọ fi ń jẹun. Ọfà tí ì bá wọ ọba láyà, èjìká òsì ajẹ́lẹ̀ ló bá. Láti ọjọ́ náà, apá òsì rẹ̀ kò ga kọjá àyà mọ́. Ó ń tijú rẹ̀, ó sì fi í pamọ́ fún gbogbo ayé. Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ọba nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọba ń fẹ̀, bí ó sì ti ń fẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń jìnnà síra wọn. Ọba wà ní olú ìlú, ajẹ́lẹ̀ wà ní ìlú ààlà, ìrìn ogójì ọjọ́ ló wà láàárín wọn, kò sì sí ohun tó ń rin ọ̀nà náà tó àhesọ. Wọ́n ní ọba ti pa àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ọba fi ẹ̀wù ránṣẹ́ sí ajẹ́lẹ̀ ìhà gúúsù, ọjọ́ kẹta tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n sin ín. Ibà ló pa onítọ̀hún, gbogbo ará ìlú rẹ̀ ló mọ̀. Ẹni tó wá ròyìn fún ajẹ́lẹ̀ wa kò mẹ́nu kan ibà, òun náà kò sì béèrè.

Ó lé alásè rẹ̀. Ó gba òmíràn, ó tún lé e. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ń ka lẹ́tà ọba, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ọba bá kí i gùn, á ní ó fẹ́ fi ẹnu dídùn tan òun ni. Bí ó bá kí i ní ṣókí, á ní ìfẹ́ ti tán.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ikọ̀ ọba ń gbé ẹ̀wù ọlá bọ̀. Àṣà wọn ni pé ẹni tí ọba bá fi ẹ̀wù ta lọ́rẹ yóò jáde kúrò nínú ìlú lọ pàdé rẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, yóò wọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, yóò sì tẹrí ba sí ìhà olú ìlú. Ajẹ́lẹ̀ gbọ́, ara fu ú.

Ó ní, "Ó ti kàn mí."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, ọba tí ẹ gba ọfà fún?"

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọba wo ló ń fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tí kò ní nǹkan kan ṣì wà láyé?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìbẹ̀rù lọ."

Ajẹ́lẹ̀ parọ́ àìsàn. Nígbà tí ikọ̀ dé ẹnu odi, akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀, tó ní ọ̀gá òun ti dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀wù fún òun. Ikọ̀ náà, àgbàlagbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wò ó títí. Ó gbé ẹ̀wù fún un, ó ní òun yóò dúró títí ara ajẹ́lẹ̀ yóò fi yá, kí òun lè fojú ara òun rí i nínú ẹ̀wù. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ gbọ́ èyí, ó ní, "Kí ló fẹ́ fojú rí, bí kì í bá ṣe òkú mi?"

Ló bá pe Báírámù, olùtọ́jú ẹṣin rẹ̀, ẹni tó ti ń sìn ín láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní kó wọ ẹ̀wù náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kó má ṣe bọ́ ọ, bí ó bá ń sùn pàápàá. Báírámù wò ó lójú.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa pa mí ni?"

Ajẹ́lẹ̀ na ẹ̀wù sí i. Báírámù wọ ẹ̀wù, ó sì padà sídìí àwọn ẹṣin.

Ọjọ́ kìíní, nǹkan kan kò ṣe é. Ọjọ́ kejì, ó jẹun yó. Lọ́jọ́ kẹta, ikọ̀ lọ wo ẹṣin tirẹ̀ ní ilé ẹṣin, ó sì bá ẹ̀wù ọba lára ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin. Kò pariwo. Ó lọ bá ajẹ́lẹ̀ nínú ilé, ó bá a lórí àga, ara rẹ̀ le koko, ó ń jẹ èso àjàrà.

Ikọ̀ náà ní, "Àwọn kan ń sọ fún ọba pé ẹ fẹ́ dìtẹ̀. Ọba ní irọ́ ni. Ó wọ ẹ̀wù yìí kírun Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ bá a lára mu. Ó bọ́ ọ níṣojú wọn, ó ní bí ọ̀rẹ́ òun bá ti wọ̀ ọ́, kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ohun tí mo rí ni n ó sọ."

Ajẹ́lẹ̀ sáré tẹ̀lé e dé ẹnu odi, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kò yíjú padà. Ajẹ́lẹ̀ kọ lẹ́tà márùn-ún. Lẹ́ẹ̀mẹta ni ọba ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Kí ọdún tó yí po, ogun dé. Ajẹ́lẹ̀ gun orí odi, ó rí ìbọn àgbá ńlá kan tí màlúù ń fà bọ̀, ó sì dá a mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wó odi ìlú kẹta fún ọba. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí Báírámù gbé ẹ̀wù wá. Báírámù ti fọ̀ ọ́, ó sì ká a dáadáa. Ajẹ́lẹ̀ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó wá ṣara gírí de ìrora tó máa ń jẹ ní apá òsì bí ó bá ń wọṣọ. Kò rí ìrora kankan. Wọ́n ti la apá òsì ẹ̀wù náà lábẹ́ abíyá, wọ́n sì fi okùn síliki sí i, kí ẹni tí apá rẹ̀ kò ga lè wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

Báírámù ní, "Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i, ọ̀gá. Bóyá inú ń run mí nìkan lẹ bi mí."

Ajẹ́lẹ̀ sunkún bí ọmọdé. Ìbọn àgbá sì dún.

Músíbáù, ìwọ ni mo torí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní Iléyá tó kọjá, àbúrò rẹ dín ẹran, ó ní kí ìyàwó òun gbé e wá fún ọ. O gbà á, o dúpẹ́, o sì lọ dà á fún ajá ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí àwọn kan sọ fún ọ pé ó fẹ́ pa ọ́ kó lè jogún ilé bàbá yín. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù fún èmi. Nígbà tí mo fi sẹ́nu, inú bí mi, nítorí kò ní ata rárá, o sì mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ata tó. Mo ní ta ló dín irú ẹran báyìí? Obìnrin náà ní kí n má bínú, ọkọ òun ló ní kí àwọn má fi ata sí i, nítorí ọgbẹ́ inú ẹ̀gbọ́n òun.

Gbogbo ilé wọn ló jẹ ẹran aláìláta nítorí rẹ. Ajá ti mọ̀ ṣáájú rẹ. Dìde, kí o lọ jẹun lọ́dọ̀ àbúrò rẹ. Òdìkejì títì ló ń gbé, kì í ṣe ìrìn ogójì ọjọ́.