Ta Ló Ń Lé Ìbíyẹmí?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó tètè máa lọ sílé, nítorí èmi Ọdẹ́tọ̀lá, ọmọ Òkè-Arère, n kì í sọ ìtàn fún ẹni tí ń hanrun.

Ìbíyẹmí, ọmọ tí àbúrò mi olóògbé fi sílẹ̀, ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní olùkọ́ àwọn ní kí àwọn ya ìbẹ̀rẹ̀ sinimá adẹ́rùbani, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, láìsí àárín, láìsí òpin. Mo rẹ́rìn-ín títí: ta ló ń se ọbẹ̀ tí yóò dá a dúró sórí àlùbọ́sà? Láníyì, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ olórí wọn, ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìbíyẹmí á máa sáré, á máa bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ẹni tí ń lé e. Ohun tí a ò rí ló ń bani lẹ́rù jù."

"Ta wá ni yóò máa lé e?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

Háà! Mo ní ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Wọ́n ní òwe náà dùn, mo bá kó wọn lọ sínú igbó tí mo ti ń ṣọdẹ, ìbọn mi ní èjìká.

Oòrùn ti yẹ àtàrí nígbà tí Láníyì gbé ẹ̀rọ ayàwòrán, tó pariwo pé, "Ó yá!" Ìbíyẹmí ki eré mọ́lẹ̀, ó figbe ta, ó yà sẹ́yìn igi ìrókò. Láníyì ní, "Ó tó!" Ọmọ kò jáde. A pè é títí, igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Kí ni n ó wí fún ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ yìí nìkan ni ọkọ fi sílẹ̀ fún un?

Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀, Láníyì tẹ̀lé mi, ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àgbọ̀nrín kan tó ti hewú dínà pa lẹ́nu ihò àpáta.

"Ọdẹ, o kú ìrìn," ó ní.

"Àgbọ̀nrín, o kú ilé." Àìrẹ́ kò ní kí a má kíra wa.

"Ọmọ kan ń sáré. Mo mọ irú eré yẹn, òun ni mo ń sá láti kékeré. N kò rí ẹni tí ń lé e, mo ní kò lè ju ìwọ lọ. Mo ti fi í pamọ́. O ò ní pa á."

"Ọmọ mi ni! Eré ni wọ́n ń ṣe!"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ta ló ń fi irú ìbẹ̀rù yẹn ṣeré? Bó ò bá lé e, gbé ìbọn rẹ sílẹ̀."

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níhìn-ín, ẹ mọ̀ pé a kì í gbé ìbọn sílẹ̀ lójú ẹran. Mo gbé e sílẹ̀.

Àgbọ̀nrín yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbíyẹmí rá jáde, eruku bò ó, ó ní, "Bàbá, ó ní n ò gbọdọ̀ mí sókè!" Mo gbá a mọ́ra, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ṣé ẹ rí Láníyì, ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹ̀rọ kọjú sí: pátákò ẹsẹ̀ kan àti ìbọn mi, pẹ̀lú ohùn tó ní, "Gbé ìbọn rẹ sílẹ̀." Wọ́n ní nígbà tí olùkọ́ wọn wo àwòrán náà, ó fò dìde lórí àga, ó ń béèrè ẹni tó ni ẹsẹ̀. Láníyì ní àṣà sinimá ni, wọn kì í fi ojú rẹ̀ hàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ fi ń ṣeré, ayé ẹlòmíràn ni. Láti ọjọ́ náà, n kò yìnbọn sí àgbọ̀nrín mọ́. Ó dàárọ̀ o. Ẹ rọra rìn délé, ẹ má sáré, kí aláàánú kan má baà gbé yín pamọ́.