Bí Àwẹ̀ró àti Àríkẹ́ Ṣe Di Àmísóde Mú Nínú Omi

Nígbà láéláé, èémí tí èèyàn bá mí síta kò ní ilé. Àmísóde ni wọ́n ń pè é. Imú lé e jáde, ẹnu lé e jáde, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tó wọlẹ̀ sí. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ yòókù lọ, nítorí náà inú kòtò àti kànga ló máa ń sùn.

Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ẹni tó bá bá a nínú kòtò kì í mọ̀ títí orúnkún rẹ̀ á fi yẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, Ọ̀jẹ́dìran agbẹ́kànga sọ̀kalẹ̀ sínú kànga àtijọ́ kan láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Ẹfúnṣeyì, ìyàwó rẹ̀, ló di okùn mú lókè.

"Bàbá Àlàó, ṣé ẹ ti kanlẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀. Sọ agbọ̀n..."

Ohùn rẹ̀ já síbẹ̀.

Ẹfúnṣeyì figbe ta. Ọ̀jẹ́kúnlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, sáré dé. Kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀, ó tọ okùn sọ̀kalẹ̀. Òun náà kò fọhùn mọ́.

Obìnrin náà dojú bolẹ̀ létí kànga. "Ta ló di ọkọ mi mú níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú omi, ẹ gbà mí!"

Àwọn arábìnrin méjì kan ń gbé nínú omi ìsàlẹ̀ kànga náà, Àwẹ̀ró àti Àríkẹ́ àbúrò rẹ̀. Ọmọ Amáradàgbà ni wọ́n, ẹni tó ń mọ ẹran ara èèyàn àti ti ẹja. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ọwọ́ òsì wọn ló ń di nǹkan mú.

Àwẹ̀ró gbọ́ ẹkún náà. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbá Àmísóde mú, ó sì fà á wọnú omi.

"Fi mí sílẹ̀!" ni Àmísóde wí. "N kò mọ̀ọ́mọ̀ pa wọ́n. Wọ́n lé mi jáde, mo sì wá ibi sùn."

"Mo gbọ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì ti sùn tì ọ́, wọn ò jí."

Bó ṣe dì í mú ni kóró kékeré kan tó ti wà lọ́wọ́ òsì Àwẹ̀ró látilẹ̀ já bọ́ sínú omi. Kóró náà kan gógó, ó sì ń ta bí ata. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ọwọ́ Àwẹ̀ró ń yọ̀.

"Àríkẹ́, gbé kóró yẹn! Bó bá wà nínú omi, màá ju Àmísóde sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá gbé e, ọwọ́ mi kún nìyẹn. N kò ní lè gbá ẹnikẹ́ni mọ́ra bíi tiyín."

"Mo mọ̀."

Àríkẹ́ sunkún. Ó sì gbé e. Omi rọlẹ̀.

Atẹ́gùn tútù wọnú kànga. Àwọn aládùúgbò sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé àwọn ọkùnrin méjèèjì jáde. Ẹfúnṣeyì nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọkọ rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Nínú omi, Àmísóde béèrè pé, "Ṣé títí ayé ni mo máa wà níbí?"

Omi fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Títí ooru á fi dé ni. Bí mo bá gbóná, Àríkẹ́ á dá kóró padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àwẹ̀ró á sì tú ọ sílẹ̀. Bí o bá padà wá nígbà tí mo tutù, wọ́n á tún dì ọ́ mú."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé, bí Àmísóde bá wọ omi tí àwọn ọmọ Amáradàgbà wà, àwọn méjì ni wọ́n fi ń di òun nìkan mú. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa pàápàá, ọmọ Amáradàgbà ló ń gbé díẹ̀ nínú Àmísóde dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀kan á gbá a mọ́ra. Èkejì á gbé ohun tó já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì kún, kò ní lè di ẹnikẹ́ni mú.