Agbọ̀n Àkọ́so Hasadáyà

Ní ìgbà láéláé, kí ọba kankan tó jẹ ní Ísírẹ́lì, jagunjagun kan wà ní ilẹ̀ òkè Éfúráímù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hasadáyà: akọni tó dá dúró lẹ́nu àfonífojì tí àwọn akónilẹ́rù aṣálẹ̀ fi sá padà, ààbò àwọn opó, ọkọ Tírísà. Òun ló tẹ abúlé wọn dó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjà náà ọfà bà á nítan, Sábúdì ẹrú rẹ̀ ló sì pọ̀n ọ́n jáde láàárín ọ̀tá. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ bí Sábúdì kò bá sí nítòsí.

Òfin Ọlọ́run ni pé kí ẹrú tó jẹ́ Hébérù gba òmìnira lọ́dún keje. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun kò lọ, wọn yóò fi irin ṣóńṣó lu etí rẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn, ó di ẹrú títí láé nìyẹn. Bí ọdún keje Sábúdì ti ń sún mọ́lé, Hasadáyà pọ́n irin sílẹ̀.

“Sábúdì, ọmọ mi, sọ fún àwọn àgbà pé o kò lọ. Kí ni kò sí nílé mi?”

“Olúwa mi, gbogbo rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń retí mi.”

“Oore tí o ṣe mí kò ṣeé gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jẹ́ kí o lọ.”

Tírísà rẹ́rìn-ín láti ìdí ọlọ. “Ẹ wo ọkọ mi! Odindi ẹgbẹ́ ogun kò bà á lẹ́rù, àfi kí ẹnìkan jáde nílé!”

“Máa lọ ọkà rẹ, ìyàwó.”

Nígbà tí èso ọ̀pọ̀tọ́ àkọ́kọ́ pọ́n, èyí tí Hasadáyà ti fi koríko so sàmì gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, wọ́n kó o sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e lọ sílé Olúwa ní Ṣílò láti fi dúpẹ́. Sábúdì ló rù ú dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀, olóko fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e léjìká, kó sì sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Hasadáyà gbé e, ó la ẹnu: “Ẹrú ni wá ní Íjíbítì...”

Àlùfáà rò pé ó gbàgbé, ó rọra ní, “Bàbá, ẹ máa tẹ̀ lé mi: Olúwa sì mú wa jáde.”

“N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àlùfáà. Ohun tó ní kí n ṣe ni mo gbàgbé.”

Ó yíjú sẹ́yìn. “Sábúdì, máa lọ bá ìyá rẹ. Àgùntàn, ọkà àti wáìnì ń bẹ fún ọ nílé. O kò ní lọ lọ́wọ́ òfo.”

Sábúdì bú sẹ́kún, ó dojú bolẹ̀ fún Ọlọ́run. Hasadáyà wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá.

Ó dàgbà, ó darúgbó, ó sun oorun àlàáfíà. Sábúdì, tó ti di olóko, wà lára àwọn tó gbé òkú rẹ̀. Irin tí Hasadáyà pọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló ti kàn án mọ́ òpó ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti Ṣílò dé, tó sì fi agbọ̀n òfìfo náà kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àwọn ará abúlé fi í sí ní ìrántí rẹ̀. Bí ọmọdé bá bèèrè ohun tí irin náà wà fún, bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn ni pé, “Ẹrú ni wá.”