Odó Lórí Àyà Àpáta

Àwọn tó ń sọ pé Ìbíwùmí ló pa ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Eléré ni ọkọ rẹ̀, Àpáta ni wọ́n ń pè é. Á dùbúlẹ̀ sáàárín agbo, wọ́n á gbé odó lé e láyà, Ìbíwùmí á sì gún iyán nínú odó náà. Àpáta kì í kérora. Ohun tí èrò ń tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn.

Níbi eré tó ṣáájú èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, wọ́n fọ́ òkúta lórí àyà rẹ̀, nǹkan sì dún kẹ́ nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sọ fẹ́nì kan. Ìbíwùmí rí i pé ìjókòó ló ń sùn.

"Bàbá Jọláadé, ṣé àyà ń dùn yín ni? Ẹ jẹ́ ká fi eré tòní sílẹ̀."

"Kò sóhun tó ń ṣe mí. Ta ló gbọ́ ìkérora àpáta rí?"

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́ o."

Àpáta kọjú sí ògiri.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé odó lé e. Bí Ìbíwùmí ṣe ń gún iyán ló ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Ká ní ó ké "yéè" lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó ìbá ju ọmọ odó nù. Kò ké.

Wọ́n gbé odó kúrò. Èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń retí kó dìde. Àtẹ́wọ́ náà pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró.

Iyán ọjọ́ náà kúnná, kò ní kókó kankan. Kò sẹ́ni tó bù ú jẹ.