Ìyá Tó Di Ojú Gun Òkè

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó pọ́n àpáta, ó dá lórí Àyọ̀ká, ìyá tí òyì òkè máa ń kọ́."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹran jọ ń sọ̀rọ̀, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀-Àpáta. Bí eyín ọmọ bá kọ́kọ́ ká níbẹ̀, ẹbí rẹ̀ á mú un lọ wòran lórí òkè. Lókè yẹn ni ìyá rẹ̀ á ti nàka sí òrùlé wọn, á ní, "Ilé rẹ nìyẹn." Ìyá nìkan ló ń sọ ọ́. Bí ìyá kò bá dé òkè, ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ láìgbọ́ ọ.

"Màmá, bàbá ò lè sọ ọ́ ni?"

"Bàbá á ru oúnjẹ. Ẹ jẹ́ n pa àlọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ."

Eyín Ìbíyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Àyọ̀ká bí, wá ká. Ọmọ ń fò sókè sódò, ìyá ò lè jẹun. Bó bá gun orí àpótí ìdáná lásán, òyì á kọ́ ọ!

Wọ́n gbéra: Àyọ̀ká, Àjàgbé ọkọ rẹ̀ tó ru ẹ̀kọ àti àkàrà, Ìbíyẹmí, àti Ewúrẹ́ ilé wọn tó ní òun náà fẹ́ gba atẹ́gùn.

Ní ẹsẹ̀ òkè, Àyọ̀ká tú gèlè, ó fi di ojú.

"Ìyá Ìbíyẹmí, kí lo ń ṣe?"

"Ohun tí mi ò bá rí kò lè bà mí lẹ́rù. Ẹ fà mí lọ́wọ́, bàbá Ìbíyẹmí."

Wọ́n gùn díẹ̀. Òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbiri, gbiri, gbiri. Lọ́kàn Àyọ̀ká, ọ̀gbun ti lanu yí i ká. Ó jókòó.

"Ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ mi ti kú."

Ìbíyẹmí bú sẹ́kún. "Ìyá mi, ta ló máa fi ilé hàn mí?"

Àyọ̀ká di gèlè náà le sí i. Àjàgbé fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ń gòkè lọ.

"Háà, Màmá! Ó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀?"

"Kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ló dì í mú."

Ewúrẹ́ dúró tì í, ó ń já koríko jẹ. "Ìyá," ó ní, "òkúta tó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn ò jábọ́ ju gíga ìkòkò ọbẹ̀ yín lọ. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ọ̀gbun síbẹ̀, lábẹ́ gèlè. Ẹ tú u."

"Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin! Kí lo mọ̀?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé wọn. Ẹ má wòkè, ẹ má wo ìsàlẹ̀. Pátákò mi ni kẹ́ ẹ wò."

Àyọ̀ká tú gèlè. Ó rọra dìde, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Ewúrẹ́ ilé, ṣíwájú mi o,"
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀!"
"Ibi o tẹ̀ ni n ó tẹ̀ o,"
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀!"
"Ọmọ mi ń retí mi lókè,"
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀!"

Wọ́n kọ ọ́ títí pátákò Ewúrẹ́ fi dúró lórí òkè. Ìbíyẹmí ti di mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Àyọ̀ká gbójú sókè. Òyì dé. Ó di ìwo Ewúrẹ́ mú, òyì kọjá. Ó nàka sí ìsàlẹ̀.

"Ìbíyẹmí, ilé rẹ nìyẹn."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ìró pupa mi lẹ́yìnkùlé rẹ̀."

"Ó mà kéré o, ìyá mi!"

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí àpáta. "Ewúrẹ́, o ṣeun. O ò jẹ́ kí ojú tì mí níwájú ọmọ mi. Ẹlẹ́dàá, mo dúpẹ́."

"Ọpẹ́ dára," ni Ewúrẹ́ wí. "Ẹ̀kọ dà?"

Àjàgbé tú ẹ̀kọ. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá bà yín, ẹ má dijú. Ẹ tẹ̀lé ẹni tó mọ ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ilẹ̀ má dá mi lóhùn. Bó bá jẹ́ òótọ́, bí mo bá fẹsẹ̀ kilẹ̀, kó dún kì, kì, kì!

Kì! Kì! Kì!